Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Mo Sọ Di Àna ní Òkè Jọ́ọ̀sì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Jóẹ́lì. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú òjò tí kò dá. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà yìí, àyà mi kan ilẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ orí ìwé lásán. Ìyàwó mi dúró tì mí, ó ń wò mí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo kí bàbá wa kékeré pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ọmọ osú, mo kí àwọn àgbà ìjọ wa ní Èsìẹ́. Bí ìkíni mi bá pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ní ìdí.

Mo bẹ Jóẹ́lì kí ó má ṣe ka lẹ́tà yìí fún yín nínú yàrá. Kí ó kà á sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lọ́jọ́ tí ilé bá kún. Bí ó bá kà á tán, kí ó gbé e fún àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí láti kékeré mọ̀ pé ẹnu ayé ń bà mí lẹ́rù ju ejò lọ, nítorí pé bí ejò bá bu ni jẹ tán, a máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ohun tí a lè fi ọwọ́ bò. Ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó dá ẹ̀ṣẹ̀ náà ju kí ẹ gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti fi Èsìẹ́ sílẹ̀ wá síbi iṣẹ́ kùsà yìí, níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran nínú ilẹ̀. Ìjọba òyìnbó ni mo bá níbẹ̀. Òmìnira bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fún yín ní Ìpínlẹ̀ Kwárà, inú ìwé ìròyìn ni mo ti kà á; mo ká ìwé náà, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹni tí mo lè bá yọ̀. Ẹ mọ̀ pé n kò rí ilé ìwé lọ. Ara àpótí inú sítọ́ọ̀ tí mo ń ṣọ́ àti inú ìwé orin ìjọ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí mo fi di ẹni tó ń kọ lẹ́tà fún gbogbo ará Ìgbómìnà tí kò mọ̀wé ládùúgbò yìí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn ọmọ ti lọ sí ibi iṣẹ́ wọn. Ní àkókò òjò, tí ìkùukùu bá bo òkè, tí a kò rí ilé aládùúgbò mọ́, èmi àti ìyàwó mi a jókòó, a máa sọ ọ̀rọ̀ tí a ti sọ lánàá. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé pé kí ẹ̀yin àti Jóẹ́lì wá lo ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú wa nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà ní Òmù-Àrán bá wà ní ìsinmi. Mo sì fi kún un pé lọ́jọ́ Ìsinmi tí ẹ máa lò gbẹ̀yìn, ìjọ máa fi mí jẹ Bàbá Ìjọ. N kò ní purọ́: mo fẹ́ kí ẹ rí mi.

Ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tiṣu tèlùbọ́, ẹ sì bi mí bóyá ara ilẹ̀ yìí kò yá ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń tutù nígbà òjò. Ẹ ní irú òtútù báyìí, òkú ló yẹ kí wọ́n máa fi tọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, aṣọ mẹ́rin lẹ wọ̀ léra, ẹ wá gbé kóòtù iṣẹ́ mi àtijọ́ lé e lórí, Jóẹ́lì sì ní ẹ ti dà bí ẹrù tí wọ́n dì fún Ọ̀fà. Ẹ ní kí ó máa sọ ọ́ lọ, pé ẹrù kì í gbọ̀n, Jóẹ́lì fúnra rẹ̀ ló ń gbọ̀n.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ròyìn ọ̀dùnkún òyìnbó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìyàwó mi sè é kí a fi jẹ ọbẹ̀. Ẹ ní ohun tó bá funfun, tó bá sì rọ̀ báyìí, odó ló ń wá. Ìyàwó mi ní wọn kì í gún un. Ẹ ní àwọn wo ni wọn. Ẹ gún un títí ó fi di àtè, ọmọ odó sì kọ̀, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Jóẹ́lì di odó mú, èmi fa ọmọ odó, ẹ̀yin ń fún wa láṣẹ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, yìnyín rọ̀. Ẹ ṣa á kún agolo kan, ẹ dé e pa, ẹ ní àwọn ará Èsìẹ́ gbọ́dọ̀ fi ojú ara wọn rí i. Nígbà tí ẹ ṣí i láàárọ̀ tí ẹ bá omi, ẹ wo ìyàwó mi fún ìgbà díẹ̀, ẹ sì fi ohùn ìyá bi í pé ta ló jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí.

Ọjọ́rú ni ọ̀rọ̀ dé. Òjò dá, mo sì ní kí a wọ lọ́rì lọ wo àwọn òkúta ńlá tí wọ́n gun ara wọn lórí lẹ́yìn ìlú, bí ẹni tó gbé ọmọ kọ́rùn. N kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wa náà yan ọjọ́ yẹn fún ìgbafẹ́. Ẹni tó ṣáájú wọn ni Ìyá Sùúrù, ará Òrò-Àgọ́. Ìyá Sùúrù kì í purọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í sun ilé rẹ̀ mọ́jú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ lẹ́tà yìí ní Èsìẹ́ kò nílò kí n ṣàlàyé, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn máa kà á. Ní ìlú wa, àwọn ère òkúta wà tí wọ́n jókòó láti ayébáyé, tọkùnrin tobìnrin, àwọn àgbà sì ní àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ìyá wa kì í bọ wọ́n. Ọmọ ìjọ ni. Ṣùgbọ́n ó kọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sì kọ́ mi, pé a kì í kọjá lára ẹni tó jókòó láìkí i, ìbáà jẹ́ pé kò lè dáhùn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ rí àwọn òkúta Jọ́ọ̀sì, ẹ kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ẹ kúnlẹ̀ nínú kóòtù mi, ẹ kí wọn kú ìjókòó, ẹ kí wọn kú ìrìn àjò tí kò parí, ẹ sì bi wọ́n pé ọmọ ìlú wo ni wọ́n. Nígbà tí wọn kò fèsì, ẹ ní ó lè jẹ́ pé wọn kò gbọ́ Yorùbá, ẹ wá bu ẹ̀pà díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá Sùúrù ti dé ẹ̀yìn mi. Ó bi mí ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé Bàbá, ta ni màmá tó ń kúnlẹ̀ fún òkúta yẹn. Ọjọ́ Ìsinmi ni mo rí níwájú mi, mo rí aṣọ funfun tí mo ti lọ̀ sílẹ̀, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé ará ilé ìyàwó mi ni. Pétérù sẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, àkùkọ sì kọ fún un. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sẹ́, àkùkọ kankan kò kọ. Jóẹ́lì ló wúkọ́. Mo yí padà, ẹ ti dìde, ẹ ń gbọn eruku orúnkún yín, ẹ sì ń wò mí.

A délé. Mo gbé omi fún yín; ẹ ní níbo ni ọkọ ìyàwó ti ń nàró gbé omi fún àna rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ ní àwọn òbí ìyàwó ń retí. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀, ẹ sì ní ìgbọ̀nwọ́ òsì kò kan ilẹ̀. Láti ìgbà náà, àna lẹ jẹ́. Bí mo bá jí, mo dọ̀bálẹ̀. Bí mo bá ti ọjà dé, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ pe ìyàwó mi ní ọmọ yín, ẹ ní kí ó sọ òtítọ́, ṣé mò ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ láti ìgbà èwe wa wò mí tán, ó ní a ṣáà ń fara dà á. Jóẹ́lì ní òun kò lè dá sí ọ̀rọ̀ àárín àna. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ kò pè mí ní Àjàní mọ́. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń fi oríkì mi pè mí.

Síbẹ̀, ǹ bá máa rọ́jú lọ bí kì í bá ṣe ọjọ́ Ẹtì. Ìyá Sùúrù wá, ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí àwọn ènìyàn òun ní Òrò-Àgọ́, nítorí pé èmi ni mò ń kọ gbogbo lẹ́tà rẹ̀. Ó jókòó, ó pè é, mo ń kọ ọ́. A kọ ti àìsàn, a kọ ti òjò. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kọ ọ́ pé àwọn ará Ìsánlú-Ìsin kan wà tí wọ́n ń gbé ẹ̀pà fún òkúta, pé ọ̀kan nínú wọn dé ilé àgbà ìjọ kan níhìn-ín, ṣùgbọ́n pé kí wọ́n má bi òun léèrè orúkọ. Ìyàwó mi, tó jẹ́ ọmọ Ìsánlú-Ìsin, tí bàbá rẹ̀ fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wàásù, gbé àwo àkàrà wọlé bọ̀, ó sì gbọ́ ọ. Kò pariwo. Ó gbé àwo náà sílẹ̀ níwájú àlejò, ó wá bi mí bóyá mo ti kọ ọ́ dé ibi tí ilé bàbá òun wà. Mo ti kọ ọ́ débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. N kò lè tẹ gègé síwájú mọ́. Mo sọ fún Ìyá Sùúrù pé ojú ń dùn mí, ó sì dùn mí lóòótọ́.

Nítorí náà lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí Pásítọ̀ pe orúkọ mi, mo jáde síwájú, mo ní kí wọ́n dá ọwọ́ dúró. Mo ní obìnrin tó jókòó ti ìyàwó mi yẹn, ọmọ ìyá mi ni. Pé nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mo wà títí ẹsẹ̀ mi fi lè gbé mi. Mo ní ìbẹ̀rù ẹnu yín, ẹ̀yin ìjọ, ló mú mi sẹ́ ẹ, pé àwọn ará Ìsánlú-Ìsin kò mọ nǹkan kan nípa òkúta. Pásítọ̀ yíjú sí yín, ó bi yín pé ṣé lóòótọ́ lẹ gbàdúrà sí òkúta. Ẹ dìde, ẹ tún gèlè ṣe, ẹ ní kíkí lẹ kí wọn. Ẹ ní ṣé gbogbo ẹni tí Pásítọ̀ bá kí ló ń gbàdúrà sí ni. Ó ní rárá. Ó wá bi yín pé ṣé àbúrò yín ni mí. Ẹ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ ní ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ, ṣùgbọ́n pé ẹ kò mọ ọkùnrin yìí dáadáa. Ọkọ ọmọ yín ni, ó sì mọ àna kí.

Ẹ rántí ariwo ẹ̀rín tó sọ. Ìyá Sùúrù fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́ǹṣì mú. Pásítọ̀ gan-an kọjú sí ògiri. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, ó ní kí a jẹ́ kí oyè náà di ẹ̀yìn ìkórè, kí ẹbí kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ wọn. Lọ́jọ́ Ajé mo dọ̀bálẹ̀ fún yín nínú ẹrẹ̀ ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹ ní kí n dìde, àna wa, kí aṣọ mi má bàa bàjẹ́.

Láti ìgbà náà, ẹnu ayé ti ṣe bí mo ti rò pé ó máa ṣe, n kò sì kú. Wọ́n ń kí mi lọ́jà ní ọkọ ìyàwó. Ohun tí n kò lè fara dà ni ti àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Ìsánlú-Ìsin. Wọ́n ti gbọ́, wọ́n sì ránṣẹ́ pé àwọn ti ń wá àgbà obìnrin tó lẹ́nu báyìí sínú ilé àwọn tipẹ́. Wọ́n ti gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, wọn kò sì ní dá yín padà. Mo bẹ bàbá wa kékeré, mo bẹ gbogbo ọmọ osú, ẹ bá mi bẹ Ìyá Jóẹ́lì. Bí òjò bá dá, mo máa wá fúnra mi. Ọ̀sán gangan ni mo máa dé, ojú ọ̀nà àárín ọjà ni mo máa gbà, n óò sì dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé wa níwájú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò. Kí wọ́n sọ ọ́ dé Ìlọrin. Ẹni tó bá bi mí léèrè ẹni tí mò ń kí, n óò pariwo rẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣu yín ta, kí ara yín le, kí orúnkún yín má dùn yín nítorí òtútù tí mo pè yín wá jẹ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Ìyàwó mi ní kí n kí ìyá òun. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe fún un.

Èmi ni, kì í ṣe ọkọ ọmọ yín,

Ọmọ yín.