Ọmọ Mẹ́fà Ni Mo Bí

Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà.

Olúṣẹ̀yẹ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé ara rẹ le, ṣé àwọn ará ilé rẹ ń ṣe dáadáa? Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rìn. Memunat ìyàwó Akíndèjì aládùúgbò wa, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní kọ̀ǹpútà, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ sí Òkà lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, aṣọ ni mò ń kó lé orí àga rẹ̀, kí n má bàa máa wò ó lófìfo. Odindi ọjọ́ lè lọ kí n má fọhùn. Síbẹ̀, bí o bá pè mí, mi ò gbé e. Oṣù méjì rèé.

O mọ ìdí. Nígbà Àjíǹde tí o wálé, o ń kọ orúkọ àwọn ọmọ mi sí ìkànnì ẹbí wa tí o ṣe sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí o fi ẹ̀gbọ́n rẹ kún un, èyí tó kú ní ọmọ ọjọ́ mẹ́fà. O fi í kún un, o fi àyè orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ìkànnì náà ní ọmọ mẹ́fà. Nígbà tí o lọ tán, Memunat ṣí i, ó di márùn-ún. Mo pè ọ́, mo ní, "O ti pa á rẹ́. Ìwọ náà kò kà á sí ọmọ." O ní, "Bàbá, mi ò pa á rẹ́." Mo pa fóònù mọ́ ọ lẹ́nu.

Lánàá ni Memunat tó là á yé mi. Nígbà tí o wà níbí, ìkànnì náà ka àwọn tó ti wọ ibi ìpamọ́, ó sì ka èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, tí kò tíì wọ ibẹ̀, mọ́ wọn. Nígbà tí òun ṣí i, àwọn tó wà ní ìpamọ́ nìkan ló kà. Ibi ìpamọ́ náà kì í gba ọmọ tí kò lórúkọ. Nítorí náà, o kò pa á rẹ́. Mo jẹ̀bi lọ́dọ̀ rẹ.

Èmi ni mi ò jẹ́ kó lórúkọ. Láti ọjọ́ kejì ni ìyá rẹ ti ń pè é ní Mọ́júbọ́lá. Nígbà tí a sin ín, mo ní, "Ọmọ tí kò pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò lórúkọ. Má pè é mọ́." Ìyá rẹ kò sì pè é létí mi mọ́ títí òun náà fi kú.

Kọ ọ́ síbẹ̀: Mọ́júbọ́lá. Lẹ́yìn Lucy, ṣáájú Godwin.

Ọlọ́run yóò dá ọ sí. O kò ní fi ọwọ́ rẹ sin ọmọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adébíyìí.

Ó ku ẹyọ kan: Bí o bá ti fi í pamọ́, jáde, kí o tún ṣí i, kí o rí i pé ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o pè mí, kí o ka orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí mi létí. Má kánjú kà á.