Ẹ Má Tún Fi Ẹ̀rọ Àyà Yẹn Sínú Àpótí

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Láti ilẹ̀ Faransé níbí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí gbogbo ará ìlú wa Tchaada. Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ìyá tó ń ṣe báyìí.

Inú ń bí mi, n kò ní í fi bò. Sàkírá àbúrò mi pè mí pé ẹ ṣubú lọ́jà Igolo níbi tí ẹ ti ń ná gàrí, pé alùpùpù ni wọ́n fi gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo bèèrè ẹ̀rọ tí mo ní kí ẹ máa lẹ̀ mọ́ àyà. Ó ní ó wà nínú àpótí, lábẹ́ léèsì Iléyá, pé ẹ ní kí bátìrì rẹ̀ sinmi. Háà, Ìyá mi!

Mo mọ ibi tí àṣà yẹn ti wá. Tí ìròyìn bá ti parí, ẹ ó yọ bátìrì rédíò Bàbá, ẹ ó sá a sóòrùn. Mo bi Sàkírá bóyá ẹ ti sá tèyí náà. Ó ní kí n bi yín fúnra mi.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, láìrí ẹni tí mo lè bá sọ èdè wa, nítorí ọpọlọ kékeré tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Àwa la kọ́ ọ bí yóò ṣe máa jẹ iná díẹ̀díẹ̀: bí ọkàn bá lù, á jí, á kọ ọ́ sílẹ̀, á tún sùn. Ó ti ń sinmi fúnra rẹ̀ o! Ó wá wà nínú àpótí, ó ń gbọ́ bí ọkàn léèsì ṣe ń lù.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Mo rí i lórí pọ́tábù mi, fóònù tí ẹ̀rọ yẹn ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí, pé kò sí ìròyìn ọkàn yín, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. N kò pè yín.

Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ nǹkan lò; òun náà ni mo fi ń jẹun níbí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ lọ sóko, ẹ lẹ̀ ẹ́ lọ sọ́jà, ẹ lẹ̀ ẹ́ sùn. Bó bá gbó, mo lè ṣe òmíràn. Ìyá ni n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe.

Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé.

Èmi ọmọ yín,
Ràfíù