Ọkọ̀ Tó Ń Dá Mi Padà Sílé ní Gbogbo Ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń dà á láàmú ti lọ? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá yín nínú ayọ̀ àti ìlera. Ara tèmi náà le, àfi eékún mi tó ń ké bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé tí mo bá gbóhùn rẹ, ẹkún ni màá máa sun, ìwọ náà á máa pariwo "Mọ́mì, kí ló dé?", a ò sì ní rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Torí náà, fara balẹ̀ kà á.

Wọ́n ti gba ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì mi. Má jáyà, wọn ò lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ wa ló gba ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń fi iná bátìrì rìn, tí kì í mu epo rárá, wọ́n sì fẹ́ kí ẹnì kan máa fi kó ẹrù lójoojúmọ́ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n ra púpọ̀ sí i. Ta ni wọn ì bá tún pè bí kò ṣe Ìyá Jẹ́jẹ́? Àbí o ti gbàgbé pé orúkọ tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi sọ mí nìyẹn, torí pé mi ò sáré lórí títì rí? Ọ̀gá ní èmi nìkan ni mi ò ní ba nǹkan tuntun jẹ́. Mo wá ń yan fanda káàkiri ọgbà ilé iṣẹ́ wa.

Ká sòótọ́, ọkọ̀ náà dára. Ọṣẹ àti omi inú ike ni mo ń kó láti ilé ìkẹ́rùsí lọ sí àwọn ilé ìtajà. Kò rú èéfín, kò pariwo. Lọ́jọ́ kan, aláàárù kan ò mọ̀ pé mo ti dé ẹ̀yìn òun. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ó fò sókè tòun ti páálí ọṣẹ, ó ní, "Ẹ̀yin màmá yìí, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ máa súfèé tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ o!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ṣùgbọ́n iná inú rẹ̀ kì í gbé e dé ọ̀nà jíjìn. Inú ìlú nìkan la ń ná, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́dọ̀ dá a padà sí ọgbà kí wọ́n so ó mọ́ iná di àárọ̀. Àwọn awakọ̀ yòókù a máa yọ̀ fún mi: "Ìyá Jẹ́jẹ́, ẹ ti bọ́ o! Orí bẹ́ẹ̀dì yín lẹ ó máa sùn lójoojúmọ́!" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé ilé ọ̀hún gan-an ni mò ń sá fún.

Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, èmi ni mò ń bẹ ọ̀gá pé kó fún mi ní ọ̀nà tó jìn jù. Ibi tá a máa ń páàkì sí lọ́nà, inú ọkọ̀ ni mò ń sùn, ẹnì kan á máa hanrun lápá ibí, àwọn kan á máa jà nítorí bọ́ọ̀lù lápá ọ̀hún, ọkàn mi á sì balẹ̀. O mọ bàbá rẹ. Tó bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ mi ní ìkóríta, ó ti ṣílẹ̀kùn nìyẹn. Látìgbà tá a ti fẹ́ra, mi ò fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn yẹn láti ìta rí. Ní báyìí, èmi ni mò ń ṣí i fúnra mi. Màá wọlé, màá ní, "Ẹ kú ilé o," torí ó ti mọ́ mi lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó máa ní, "Káàbọ̀." Ó ń dùn mí, ọmọ mi. Ó ń dùn mí gan-an.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣe nǹkan kan. Ilé ìtajà kan wà tí mo ti máa ń so ọkọ̀ mọ́ iná lọ́sàn-án tí wọ́n bá ń já ẹrù. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò so ó. Mo kàn jókòó, mò ń wo wáyà náà níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí. Nígbà tí mò ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, iná tán nínú ọkọ̀, mo yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo pe ọgbà, mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, kí wọ́n wá fà mí láàárọ̀. Mo jẹ búrẹ́dì, mo fi aṣọ borí, mo sùn fọnfọn. Àní inú mi ń dùn!

Nígbà tí ọ̀gá fi máa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n ti gbà pé bátìrì ló bà jẹ́, wọ́n sì fẹ́ dá ọkọ̀ náà padà fún àwọn tó ṣe é. Kí n ṣáà ti panu mọ́ ni, wọn ì bá dá mi padà sí ọ̀nà jíjìn. Mo wo ọkọ̀ náà látojú fèrèsé. Kò ṣẹ̀ mí, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ọ̀gá, kò sóhun tó ṣe bátìrì. Èmi ni mi ò so ó mọ́ iná. Mi ò fẹ́ lọ sílé ni." Ọ̀gá tó máa ń jágbe mọ́ gbogbo ayé kàn yọ awò ojú rẹ̀, kò lè wò mí. Ó ní, "Màmá, tó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn lẹ fẹ́, màá dá yín padà síbẹ̀. Ẹ lọ rò ó."

Mo rò ó títí orí fi ń fọ́ mi. Eékún yìí ò ní jẹ́ kí n máa gun ọkọ̀ títí ayé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ó tó, ilé yẹn náà ni màá lọ, màá sì ti darúgbó ju báyìí lọ. Mo ti sọ fún ọ̀gá pé màá dúró ti ọkọ̀ oníná. Kì í ṣe pé mo láyà o. Lánàá, orí àtẹ̀gùn iwájú ilé ni mo jókòó sí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, títí ẹsẹ̀ mi fi kú tipiri.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ìwọ àti ọkọ rẹ. Ẹ ó pẹ́ fún ara yín, ẹ ó jọ dàgbà, ẹ ó jọ darúgbó. Bá mi kí i dáadáa.

Èmi ni ìyá rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
Mọ́mì

Mo tún rántí: mi ò tíì jẹ́ kí wọ́n gé fóònù oníwáyà inú pálọ̀. Jọ̀wọ́, tó o bá ráyè nírọ̀lẹ́, òun ni kó o máa pè, má pe èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Tí mi ò bá tètè gbé e, má pa á. Jẹ́ kó máa dún, kí n máa gbọ́ ìró rẹ̀ láti ìta. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn.