Kẹ́ẹ̀gì Kì í Pọnmi

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé mi ò tíì wá ro koríko orí sàréè yín. Ọkàn mi ò balẹ̀ ni. Àní oúnjẹ, orí ìdúró ni mo ti ń jẹ ẹ́.

Ṣé ẹ rántí iṣẹ́ tí mo rí ní Àgbowó, níbi tí a ti ń fún àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní íńtánẹ́ẹ̀tì? Gbogbo ilé náà, títí dé Bódìjà, inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà kọjá. Prọ́sì ni wọ́n ń pè é. Ẹ kàn fojú ẹnu géètì wò ó. Ó wá ń lé àwọn èèyàn padà. Kò sì lé gbogbo wọn o. Ẹni méjì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ọ̀kan á wọlé, prọ́sì á kọ èkejì. Tí mo bá fi máa náwó ọ̀kadà débẹ̀, ti ẹni tó kọ̀ náà á ti máa ṣiṣẹ́. Bí àìsàn tó ń sá tó bá ti rí dókítà.

Mo pààrọ̀ wáyà. Mo pa á, mo tún tàn án. Á dáa títí dọ̀sán, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi fẹ́ ra èyí tó tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n kówó rẹ̀ tó lè pé, ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ lọ sílé. Èmi ni mo dé kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀, mo wò ó, iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà ń ṣe ò pọ̀, síbẹ̀ ó ní àyè ti kún. Báwo nìyẹn ṣe lè rí bẹ́ẹ̀?

Ní Sátidé, mo lọ pọnmi nídìí ẹ̀rọ omi yín ní Baṣọ̀run. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó ń bójú tó ìlà mọ́. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tò lọ rẹrẹ. Àwọn olóhun ti fi di àyè, wọ́n padà lọ sùn. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń lò ó, àwa tá a dúró ò sì rí omi pọn. Ìyá Sikirá oníbúrẹ́dì bá kọjú sí mi:

“Ṣebí bàbá ẹ ló ń lé wọn níbí? Àbí kẹ́ẹ̀gì ń bà ọ́ lẹ́rù ni?”

Ohùn yín ló sọ sí mi létí, bí ẹ ṣe máa ń wí tí ẹ bá ń fẹsẹ̀ tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́: kẹ́ẹ̀gì kì í pọnmi, èèyàn ní ń pọnmi. Mi ò pọn omi ọ̀hún mọ́. Mo wọ mọ́tò, ó di Àgbowó.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Fóònù àwọn tó ti lò ó tán ni prọ́sì ń di àyè mú fún, ó ń retí pé wọ́n á padà. Mo dín àsìkò ìretí náà kù: ẹni tí kò bá béèrè nǹkan kan, kó tètè fàyè sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò lé ẹnì kankan mọ́. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ mo ṣì ń dìde lọ yọjú wò ó bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná.

Ohun kan ló kù. Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ bá yín to ìlà, mo ń fẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iwájú pátápátá ni mo bá kẹ́ẹ̀gì tiyín, èyí tí ẹ so aṣọ pupa mọ́ lọ́rùn. Gbogbo ìjà tí wọ́n ń jà lórí ìlà yẹn, kò sẹ́ni tó sún un. Òfin yín ni pé kẹ́ẹ̀gì òfìfo kì í di àyè mú, Bàbá. Ṣé kí n gbé e kúrò?

Mo pọnmi kún un. Mo dá a padà sáyè rẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì ń bá yín di àyè mú.