Kọ̀ǹpútà Tí Wàsíù Tì Mọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọjọ́bọ̀, ní Lotto nítòsí Ọ̀fàdà.

Kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ àtijọ́ tí mo fi ń to àwọn tó fẹ́ bó ìrẹsì ní Ọ̀fàdà ti kú, gbogbo orúkọ pa rẹ́. Wàsíù tó ń wa ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì mọ̀ láti ọjọ́ Ajé, Ìyá Ṣadé alága ẹgbẹ́ wa náà mọ̀. Èmi nìkan ni wọn ò sọ fún.

“Àǹtí, mi ò fẹ́ kó gbó sí i ni,” ni Wàsíù wí. Ó wé e sí náílọ́ọ̀nù, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kò gbé e síná. Bí iná inú rẹ̀ bá sì ti tán, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń pa rẹ́.

Ìyá Ṣadé ní ká padà sórí àkísà tí wọ́n ń so mọ́ àpò láti fi mọ ẹni tó kàn. Àkísà pupa méje tí a ò mọ èyí tó jẹ́ ti ta ló dá ìjà èṣí sílẹ̀. Bí àwọn oníìrẹsì bá tún jà, ibòmíì ni wọ́n á gbé ìrẹsì lọ.

Mo ní kí Wàsíù lọ bá wọn nílé, kó kọ orúkọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Mo fẹ́ rí ìwé orúkọ náà kó tó di agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la.