Kò Gbọ́ Fèrè

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Keje

Ọ̀rọ̀ ti jáde: láti Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ilé iṣẹ́ yóò máa kó wa lọ gbafẹ́ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ títí Oṣù Kẹsàn-án yóò fi parí. Ọ̀sẹ̀ kan òkè, ọ̀sẹ̀ kejì etíkun. Wọ́n lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ. Àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Mo fi bírò mi aláwọ̀ ewé tún wọn ṣe kí n tó wọlé. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ bírò yẹn, èmi nìkan ló ń lò ó.

Kì í ṣe dandan, ni ìwé náà wí. Ṣùgbọ́n àyè wà nísàlẹ̀ fún ẹni tí kò bá ní lọ láti fọwọ́ sí i, àyè mìíràn sì wà tí yóò ti kọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀gá tuntun pè mí. Ẹlẹ́rìn-ín ni mo ń pè é níhìn-ín, nítorí eyín rẹ̀ ló máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ó fẹ́ kí n máa kọ ìròyìn ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan: ẹni tó wá, ẹni tí kò wá, ìgbà tí a gbéra, ìgbà tí a dé, ohun tó ṣẹlẹ̀. "Mà, kò sí ẹlòmíràn níbí tí ojú rẹ̀ mú tó tiyín." Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ka ìwé àwọn ẹlòmíràn wò, tí mo ń tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe kí a tó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ọ̀gá tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí mi rí. Mo gbà. Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé òótọ́ ni.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Keje

Aláriwo: "Ìyá Kọ́mà, wọ́n ti sọ ẹ́ di ọlọ́pàá!" Orúkọ tó sọ mí nìyẹn, nítorí kọ́mà tí mo máa ń fi sínú ìwé. Gbogbo yàrá ẹ̀rọ gbọ́.

Òun ni olórí wọn níbẹ̀. A jọ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà ni, a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ "ẹ̀yin". Ìdúró rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ti jẹ́ kó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àṣírí gan-an, igbe ló fi ń sọ ọ́. Nígbà tí ọkọ mi kú, oṣù méjì gbáko ló fi ń yà gbé mi láràárọ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Ó kàn ń bú àwọn awakọ̀ yòókù títí a ó fi dé.

Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Keje

Òkè. Èèyàn mọ́kànlélógójì. A gbéra ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Igbákejì Aláriwo ló gbé omi gbogbo wa gòkè. Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Aláriwo kígbe láti ẹ̀yìn: "Ẹ wò ó! Ó ti gun àga mi lọ́kàn, kí ló kù tí kò ní gun òkè?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Igbákejì náà rẹ́rìn-ín, òógùn ń kán ní imú rẹ̀.

Àwọn yòókù dúró níbi àpáta pẹrẹsẹ, wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi àti Aláriwo gùn ún dópin. Kò sí nǹkan kan lókè yẹn àfi afẹ́fẹ́. Ó jókòó, ó mí gúlegúle, ó ní:

"Ìyá Kọ́mà, kí lò ń gbọ́?"

Mo ní afẹ́fẹ́. Ẹyẹ kan nísàlẹ̀. Ẹ̀rín àwọn ará wa.

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

Etí òsì ti lọ láti ọdún tó kọjá. Ti ọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń gbọ́ ẹ̀rọ báyìí: yóò gbé e lé ara rẹ̀, yóò sì mọ̀ bí nǹkan bá ti yẹ̀ nínú. "Ọwọ́ mi ò tíì purọ́ fún mi." Ó ku oṣù mọ́kàndínlógún kó fẹ̀yìntì. Igbe ló fi ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni — ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ní ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ó ní, "Ìwọ? O kì í sọ. Kíkọ lo máa ń kọ." A rẹ́rìn-ín.

Ìròyìn: ojú ìwé kan ààbọ̀. N kò fi í síbẹ̀.

Àìkú, 7 Oṣù Keje

Orúnkún ń ro mí.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Keje

Ẹlẹ́rìn-ín gbé ìròyìn mi sókè níwájú gbogbo olórí ẹ̀ka. "Bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ rí nìyí." Mo wo tábìlì.

Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Keje

Etíkun. Oòrùn líle. Iyanrìn nínú búrẹ́dì, iyanrìn nínú bàtà, iyanrìn nínú ìwé tí mo ń kọ sí.

Aláriwo ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó wọnú omi, ó kẹ̀yìn sí wa. Aago márùn-ún, awakọ̀ fọn fèrè. A wọlé. Ó tún fọn ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Aláriwo kò yíjú. Àwọn obìnrin tó ń di ìwé bẹ̀rẹ̀: "Bàbá yìí ti gbé agídí rẹ̀ dé." "Ó fẹ́ kí ọ̀gá wá fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ni." Igbákejì sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ, kò pè é. Ó fọwọ́ kàn án léjìká. Aláriwo fò sókè: "Ṣé o fẹ́ tì mí sómi ni?"

Bó ṣe wọ bọ́ọ̀sì ló ní: "Òkun ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ṣé kí n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún ní agídí ni. Kò wojú mi.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Keje

Ẹlẹ́rìn-ín dá ìròyìn padà. Mo kọ ọ́ pé: *A fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́ nítorí ẹnì kan.* Ó yí ìlà ká "ẹnì kan". "Mà, ta ni? Kí ló dé? Ìròyìn tiyín kì í ní ihò." Ó ní àwọn kan ti ń sọ pé ẹnì kan fi agídí dá bọ́ọ̀sì dúró, òun sì fẹ́ mọ̀.

Agídí kì í ṣe òótọ́. N kì í fi ohun tí kì í ṣe òótọ́ sílẹ̀ lórí bébà. Mo fa bírò mi yọ níbi tí mo dúró sí, mo fi àmì orí ọfà sábẹ́ ìlà, mo sì kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé: *olórí yàrá ẹ̀rọ, tí kò gbọ́ fèrè.*

Ọ̀rọ̀ méje. Ìgbà tó kà á ni mo kọ́kọ́ rí i tí ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ ṣé, mà."

Mo ti dé àárín àtẹ̀gùn kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo dúró. Mo di irin ọwọ́ àtẹ̀gùn mú. Kí n padà? Kí n ní kí ni? Mo sọ̀ kalẹ̀.

Ẹtì, 19 Oṣù Keje

Lẹ́tà dé ọwọ́ Aláriwo. Kó lọ ṣàyẹ̀wò etí ní Ìṣẹ́gun, "fún ààbò òṣìṣẹ́".

Ó wọ yàrá mi, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilẹ̀kùn ṣí. "Igbákejì ni! Ta ló wá fọwọ́ kàn mí létíkun? Ó mọ̀! Àga mi ló ń wá!" Mo fẹ́ kọ èsì mi sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Mo ní: "Kò dájú."

Ìyẹn nìkan.

Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Keje

Òkè. Aláriwo kò wá. Níbi ìdí, ó kọ: *Etí ń dùn mí.* Ẹni tó kà á jáde rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ìjókòó kejì.

Kò sí ẹni tó jókòó ti igbákejì. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ lé àga nígbà tó ń bọ̀. Ẹnì kan ní, "Ọ̀dàlẹ̀ náà máa ń gbafẹ́." Ó lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí a dé, ó tún gbé omi. Ọ̀pọ̀ ni kò mu nínú rẹ̀, nínú ooru yẹn. Èmi mu. Mo sì rò pé mo ṣe é ní oore.

Nínú ìròyìn: *Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbákejì olórí yàrá ẹ̀rọ.* Òótọ́ pọ́ńbélé.

Àìkú, 21 Oṣù Keje

Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi. Aránṣọ ni, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Kò dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró títí mo fi parí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló bi yín?"

Mo ní ọ̀gá ni.

"Ó bi yín pé ta ni. Ṣé ó bi yín nípa etí?"

Mo ní òótọ́ ni mo kọ. Ó fi eyín já òwú. "Ó dáa. Ẹ fi òótọ́ yín jẹun."

Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Keje

Èsì àyẹ̀wò etí Aláriwo. Òsì: kò sí nǹkan kan. Ọ̀tún: ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹtì, 26 Oṣù Keje

Wọ́n ní kó lọ dúró nílé títí wọn yóò fi pinnu. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lára ìṣó, tádàwá lápá méjèèjì. Igbákejì ń ṣiṣẹ́ ní ìnàró. Kò jókòó sórí àga ọ̀gá rẹ̀ látàárọ̀.

Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Keje

Etíkun. Ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Igbákejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sínú iyanrìn kó má ba à ga jù mí lọ.

Ó ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá. Òun ló so gílóòbù pupa kékeré kan mọ́ òkè ẹ̀rọ: bí nǹkan bá ti dún lódì, yóò tàn án kí ọ̀gá rẹ̀ lè rí i. Aláriwo rò pé ara ẹ̀rọ ni gílóòbù náà. "Wọn ò bi mí rí, mà, èmi náà ò sọ. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́." Létíkun lọ́jọ́sí, kò pè é nítorí pé pípè kò ní wúlò.

Lẹ́yìn náà: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe èmi. Tiyín ni wọ́n máa gbọ́."

Mo ní màá sọ. Ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọn iyanrìn orúnkún rẹ̀, ó lọ.

N kò kọ ìròyìn lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kẹjọ

N kò tíì sọ.

Aláriwo gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀wé: ó fẹ́ rí gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì òun. Wọ́n fún un ní Ajé, aago mẹ́wàá. Mo lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n máa ń tún ìròyìn mi tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kì í ní orúkọ mi. Mo bi í: ìwé tí mo fọwọ́ kọ ńkọ́? "Kò dá mi lójú bóyá wọ́n so ó mọ́ ọn. Ẹ má fòyà, mà." Eyín rẹ̀ pé pérépéré.

Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kẹjọ

Òkè. Mo fọwọ́ sí i pé n kò lọ. Níbi ìdí, n kò kọ nǹkan kan.

Àìkú, 4 Oṣù Kẹjọ

Aláriwo wá sílé. Ó ti rù. Ojú rẹ̀ kò kúrò ní ètè mi. N kò mọ̀ pé èèyàn lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níhòòhò.

"Wọ́n á sọ̀rọ̀ lọ́la, n ò ní gbọ́ ìdajì. Wá bá mi jókòó. Ìwọ ni wàá jẹ́ etí mi. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kà, kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi bó o ṣe máa ń kọ ọ́. Má yọ nǹkan kan." Ó mu omi. "Kí n sáà fi ojú ara mi rí ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ yẹn."

Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ń wò mí.

Mo ní kì í ṣe igbákejì. Mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo mọ̀ pé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni mo sọ ọ́. "Kí lo wí?" ni Aláriwo bi mí.

Mo ní: "Mo máa wá."

Ó gbọ́ ìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹjọ

Mo ra bírò dúdú lójú ọ̀nà.

Aago mẹ́sàn-án kù ogún ìṣẹ́jú: mo pe obìnrin tó ń tọ́jú fáìlì. Ó ní fáìlì ọ̀hún nípọn, ìwé méjì kan wà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, òun kò tíì ṣí wọn. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ṣé àwọ̀ ewé wà lára èyíkéyìí nínú wọn? "Àwọ̀ ewé? Ẹ jẹ́ kí n wò ó, mà. Màá pè yín kó tó di aago mẹ́wàá."

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Aláriwo ti dé. Kóòtù kan ṣoṣo tó ní ló wọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá ìpàdé, ó fi àyè sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yàrá ẹ̀rọ wà nísàlẹ̀ ibi tó jókòó sí gan-an. Ó tẹ́ ọwọ́ lé ògiri, ó dijú. Ẹ̀rín kékeré.

"Ó ń mú ẹ̀rọ sáré jù," ni ó wí, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì gbọ́. "Ṣùgbọ́n ó ń ṣe dáadáa, ọmọ burúkú yẹn."

Aago mẹ́wàá kù ìṣẹ́jú méje. Mo ń kọ èyí ní yàrá mi, ilẹ̀kùn ṣí, mo ń wò ó láti ibí. Fóònù kò tíì dún.