Àgbo Jẹ̀díjẹ̀dí Tí Mo Fún Ràímì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo tilẹ̀kùn kí n tó mú kálámù, mo sì tún dìde lọ wò ó bóyá ó tì. Ẹ mọ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ Ràímì ni, ọmọ mi tí ẹ máa ń gbé lé itan nígbà tí ẹ bá ń pa èkùrọ́. Ó ti di awakọ̀ tasí Àjàṣẹ́ báyìí. Lóṣù tó kọjá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún láàárọ̀ ọjọ́ kan, ikùn rẹ̀ le bíi pákó. Mo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo se àgbo yín, mo fún un ní ife kan, mo tún fi òmíràn lé e. Ẹ̀yin máa ń tọ́ àgbo wò kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Èmi kò tọ́ ọ wò.

Bàbá, mo mọ̀ pé kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Mo ti rí hóró oògùn nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń gbé mì ní ibodè Igolo kí wọ́n lè jó títí láìsùn. Mo dá a padà síbẹ̀, mo dákẹ́. Èmi ni akọ̀wé kọmité ìlú. Èmi ni mò ń kà á fún wọn nípàdé pé ẹni tó bá ń lo oògùn olóró, ọ̀tá Refolúsíọ̀n ìjọba wa ni.

Nígbà tí ìrora náà pọ̀ sí i, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà kọjú sí mi.

“Kámárádì bàbá, kí ni ọmọ yín lò?”

“Ṣúgà ni. Ó fẹ́ràn ohun dídùn jù.”

Ràímì, tó ti ká kò sórí bẹ́ẹ̀dì, gbé orí sókè.

“Oògùn ni mo lò, dókítà. Ẹ má bi bàbá mi, wọn ò mọ nǹkan kan.”

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìfun rẹ̀ ti lu, wọ́n gé èyí tó ti kú kúrò. Dókítà ní àgbo náà dá kún un. Ó yè, ó ń mu ògì díẹ̀díẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà parọ́ nítorí mi rí?

Lánàá ó wá bẹ̀ mí pé òun dójú tì mí. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ kò jẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ di ikùn mú. Ó yẹ kí n sọ fún un nígbà náà pé mo ti rí oògùn náà kí n tó fún un lágbo. Mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo ní mo ti dárí jì í.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tí ojú ń tì.